Ìtànṣán Tí Kò Gbọdọ̀ Tọ́jọ́: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Tẹknísíọ̀mù-99m

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú régbérégbé wa, àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí àwọn olùkọ́ yín kó wá sí gbọ̀ngàn yìí láàárọ̀ òní, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, ẹ kú ilé, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ti Rẹ́mọ wá, láti Ìperu, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣágámù, ẹ kú ọ̀nà o.

Nígbà tí alága wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé n ó sọ̀rọ̀ lórí iná mànàmáná tàbí oòrùn, nítorí físíìsì ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ nílùú Ìjẹ̀bú-Òde yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ìgbà tí mo ti mú àbúrò bàbá mi obìnrin lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò kan, mo sì fẹ́ sọ ọ́ lónìí níwájú àwọn ènìyàn mi.

Ẹ jẹ́ kí n ti inú àdúrà wa bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá kọ́lé, kí là ń wí fún un? A ń wí pé kí ilé náà tọ́jọ́. Bí ó bá ra ọkọ̀, kí ó tọ́jọ́. Bí ó bá gbéyàwó, kí ìgbéyàwó náà tọ́jọ́. Àwa Ìjẹ̀bú mọ rírì ohun tó ń tọ́jọ́ dáadáa. Ẹ wo gàrí wa. A ó rin ẹ̀gẹ́, a ó jẹ́ kí ó kan, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó yan án títí yóò fi gbẹ táútáú, ẹni tó bá sì gbé àpò kan lọ sí òkè òkun ní oṣù yìí yóò ṣì máa mu ún ní oṣù mélòó kan sí i. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ohun tó dára ló gbọdọ̀ tọ́jọ́? Ẹ wo adẹ́mu tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ onígàrí lọ́jà. Ẹmu tó gbé sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ dùn láàárọ̀, nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ti ń le, ní ọjọ́ kejì ó ti di nǹkan mìíràn. Ta ni yóò bá a jà pé èé ṣe tí ẹmu rẹ̀ kò fi tọ́jọ́ bí gàrí?

Nǹkan tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí dà bí ẹmu. Ohun tó sọ ọ́ di ohun rere ni pé kì í tọ́jọ́. Orúkọ rẹ̀ ni tẹknísíọ̀mù-99m, nǹkan tó ń tú ìtànṣán, tí wọ́n ń gún sínú ara aláìsàn kí kámẹ́rà lè rí ohun tó ń lọ nínú ara.

Bí wọ́n ṣe rí i

Inú èdè àwọn Gíríìkì ni wọ́n ti mú orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ohun tí a fọwọ́ ṣe". Orúkọ ń roni, ó sì ro ó, nítorí pé òun ni ẹ́límẹ́ǹtì àkọ́kọ́, ìyẹn èròjà ìpilẹ̀ tí a fi dá gbogbo nǹkan, tí ọwọ́ ènìyàn ṣẹ̀dá.

Ní 1869, ará Rọ́ṣíà kan tí ń jẹ́ Mendeleev to àwọn ẹ́límẹ́ǹtì tí a mọ̀ nígbà náà sí orí pátákó bí ìgbà tí a bá to ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sórí ìlà, ó sì fi àwọn ààyè kan sílẹ̀ lófo pé àwọn tó ni wọ́n ṣì ń bọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ààyè náà ni ti nọ́ńbà 43. Àwọn onímọ̀ wá a nínú àpáta, wọ́n wá a nínú ilẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ kéde pé àwọn ti rí i, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Kí ló fà á? Kò sí ẹ̀yà kan nínú ẹ́límẹ́ǹtì yìí tó lè dúró pẹ́ bí ilé ayé ti pẹ́ tó. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn, bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ọdún ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ, bẹ́ẹ̀ ilé ayé ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin ọdún. Èyí tó bá wà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti lọ tipẹ́tipẹ́, àfi bíńtín tí yuréníọ̀mù inú àpáta ń bí lọ́wọ́lọ́wọ́.

Nígbà tó wá di 1937, ibi tí ẹnikẹ́ni kò wá a sí ni wọ́n ti rí i. Ọ̀gbẹ́ni Ernest Lawrence ní ẹ̀rọ ńlá kan ní Berkeley, ní Kalifọ́níà, tó máa ń fi àwọn ègé átọ́ọ̀mù yípo títí wọn yóò fi yára gidigidi. Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi irin kan tó ń jẹ́ mọlíbdínọ̀mù ṣe wà nínú ẹ̀rọ náà, àwọn ègé wọ̀nyí sì ti ń lu páànù náà fún ìgbà pípẹ́. Lawrence fi páànù náà ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Emilio Segrè, ní ìlú Palermo ní erékùṣù Sísílì, ní Ítálì. Segrè àti Carlo Perrier yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n sì rí nọ́ńbà 43 nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ fetí sí èyí: Segrè kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílùú tirẹ̀. Páànù àlòkù tó ti òkèèrè wá nínú lẹ́tà ló fi ṣe ohun tí gbogbo ayé ti wá tì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní 1938, Segrè àti Glenn Seaborg rí ẹ̀yà tí à ń sọ yìí, 99m, ní Berkeley.

Kí ni lẹ́tà m yẹn ń sọ?

Iye ègé tó wà nínú kókó átọ́ọ̀mù náà ni 99 ń sọ. Lẹ́tà m ní tirẹ̀ ń sọ pé átọ́ọ̀mù náà kò tíì balẹ̀. Ẹ fojú inú wo adẹ́mu tó wà lókè ọ̀pẹ, tí igbà wà nídìí rẹ̀. Ó dúró sójú kan, ó dà bí ẹni pé kò ní sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni yóò padà sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni inú kókó átọ́ọ̀mù tẹknísíọ̀mù-99m ṣe rí. Agbára kan ṣẹ́kù sínú rẹ̀ tí kò tíì jù sílẹ̀, ìgbà tó bá sì sọ̀kalẹ̀, yóò ju agbára náà jáde gẹ́gẹ́ bí ìtànṣán gámà, ìtànṣán tí ojú kò rí, tó lè la ara kọjá.

Ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń tú ìtànṣán ló máa ń ju ègé mìíràn jáde pẹ̀lú, àwọn ègé tí kì í rìn jìnnà nínú ara, tí wọ́n máa ń ba ibi tí wọ́n bá dúró sí jẹ́. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gámà ni iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pátá, agbára gámà náà sì jẹ́ 140 keV, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára ìtànṣán. Bí ó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹran ara ni yóò gbé e mì kí ó tó jáde. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò la kámẹ́rà kọjá láìfi àmì sílẹ̀, òjé tín-ín-rín kò sì ní lè dá a dúró. Ibi tó yẹ gan-an ló bọ́ sí. Ó ń jáde láti inú ara, kámẹ́rà ń rí i, òjé ń dá a dúró. Mo ti kọ́ni ní físíìsì pẹ́, mo sì máa ń dúpẹ́ lórí irú ìbápàdé yìí bí ẹni rí owó he.

Wákàtí mẹ́fà

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ síbẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí átọ́ọ̀mù kan pé ìwọ lo máa sọ̀kalẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀ níye, ìdajì wọn yóò ti sọ̀kalẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà. Láàárín wákàtí mẹ́fà mìíràn, ìdajì èyí tó ṣẹ́kù yóò tún lọ. Èyí ni à ń pè ní àkókò ìdajì. Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Bí 800 bá wà nínú ìgò ní agogo mẹ́fà àárọ̀ òní, mélòó ni yóò kù ní agogo mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la?

Ọmọdébìnrin yẹn ti dáhùn: 50. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ní ọ̀sán, 400. Ní ìrọ̀lẹ́, 200. Ní òru, 100. Ní àárọ̀ ọ̀la, 50. Ìdá kan nínú 16 ni yóò kù lẹ́yìn ọjọ́ kan, nígbà tí ọjọ́ méjì ààbọ̀ bá sì fi pé, kò ní tó ìdá kan nínú 1,000.

Bí ẹ bá gbé e sínú fìríìjì, wákàtí mẹ́fà ni. Bí ẹ bá gbé e kaná, wákàtí mẹ́fà ni. Bí ẹ bá dì í sínú òjé, tí ẹ rì í sínú òkun, tí ẹ bẹ̀ ẹ́, tí ẹ bú u, wákàtí mẹ́fà náà ni. Ẹmu ṣì ṣeé fi yìnyín dá dúró díẹ̀, èyí kò ṣeé dá dúró rárá.

Èé ṣe tí wákàtí mẹ́fà fi dára? Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà ni, kí òṣìṣẹ́ tó po oògùn pọ̀, kí ó tó gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́, nǹkan ti tán. Bí ó bá sì jẹ́ ọdún mẹ́fà ńkọ́? Aláìsàn yóò gbé ìtànṣán náà délé, yóò bá a jẹun, yóò bá a sùn, yóò bá a dé ibi ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Rédíọ̀mù tí Marie Curie fi ṣiṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀, 1,600 ọdún ni àkókò ìdajì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé àkọsílẹ̀ obìnrin náà ṣì ń tú ìtànṣán títí di òní ní Paris tí wọ́n kó wọn sí inú àpótí olójé. Wákàtí mẹ́fà tó fún iṣẹ́ ojúmọ́ kan, kò sì tó láti bá ènìyàn gbé.

Àpótí tó dà bí ọ̀pẹ

Ìbéèrè tó kàn ni pé, bí nǹkan náà bá yára lọ báyìí, báwo ni yóò ṣe ti ibi tí wọ́n ti ṣe é dé ọ̀dọ̀ wa? Kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e dé láti Yúróòpù, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé wọn kì í gbé ẹmu rìnrìn àjò, ọ̀pẹ ni wọ́n ń gbé.

Ọ̀pẹ náà ni mọlíbdínọ̀mù-99. Wákàtí 66 ni àkókò ìdajì tirẹ̀, bí ó sì ti ń yí padà, tẹknísíọ̀mù-99m ló ń bí. Ilé iṣẹ́ ìwádìí Brookhaven ní Amẹ́ríkà ni Walter Tucker àti Margaret Greene ti kíyè sí i ní nǹkan bíi 1958 pé a lè máa fa ọmọ kúrò lára ìyá lójoojúmọ́, kí ìyá sì máa bí òmíràn. Nǹkan mìíràn ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ lé lórí, tẹknísíọ̀mù yìí kàn ń yọjú bí ìdọ̀tí nínú iṣẹ́ wọn ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ìwé ẹ̀tọ́ àtinúdá lé e lórí, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn wò ó pé kò sí ẹni tí yóò rà á, wọn kò sì bá a lọ. Powell Richards, tí òun náà wà ní Brookhaven, kò gbà bẹ́ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn oníṣègùn láti 1960 pé nǹkan yìí yóò wúlò fún wọn. Lónìí, a ń lò ó fún bíi 30 mílíọ̀nù àyẹ̀wò lọ́dọọdún káàkiri ayé, nínú àyẹ̀wò márùn-ún tí àwọn oníṣègùn ń fi irú ìtànṣán báyìí ṣe, òun ló ń ṣe bíi mẹ́rin.

Mo fojú mi rí àpótí náà. Kò ju garawa lọ ní títóbi, ṣùgbọ́n ó wúwo nítorí òjé tó yí inú rẹ̀ ká. Ọ̀pá dígí kékeré kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n rọ ìyẹ̀fun funfun tó ń jẹ́ àlúmínà kún, ara ìyẹ̀fun náà ni mọlíbdínọ̀mù lẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ kan dúró lẹ́yìn dígí olójé tó nípọn, ó kọ́kọ́ ki ìgò omi iyọ̀ kékeré bọ abẹ́rẹ́ kan lórí àpótí náà, ó wá ki ìgò mìíràn tó ṣófo, tó wà nínú ìbòrí òjé, bọ abẹ́rẹ́ kejì. Wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ìgò òfìfo náà jáde, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló ń fa omi iyọ̀ náà gba inú ìyẹ̀fun kọjá. Mọlíbdínọ̀mù di ìyẹ̀fun mú ṣinṣin, tẹknísíọ̀mù kò dì í mú tó bẹ́ẹ̀, ó bá omi lọ. Ẹ̀yin tí bàbá yín jẹ́ adẹ́mu, ṣé ẹ kò rí agbè tó ń kún lábẹ́ ọ̀pẹ? Omi tó bọ́ sínú ìgò mọ́ gaara, kò tàn, kò hó, kò rùn. Ọmọbìnrin náà wọn bí ó ti lágbára tó, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá mọlíbdínọ̀mù kankan bá a jáde, nítorí pé ìyá kò gbọdọ̀ bá ọmọ wọnú ara aláìsàn. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó kọ aago sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àpótí náà yóò ti kún padà.

Inú obì

Àbúrò bàbá mi tí mo ń wí, oníṣòwò obì ni. Gbogbo ilé ń pè é ní Ìyá Olóbì. Ó ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ara rẹ̀ sì ti le, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, dókítà sì ní kí a lọ ṣe síkáànì eegun láti mọ̀ bóyá àìsàn náà ti wọnú eegun rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó wò mí títí, ó ní: "Tíṣà, obì lè máa dán lójú kí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán. Bí mo bá fẹ́ mọ̀, ńṣe ni mo ń pa á. Ṣé wọ́n fẹ́ pa mí bí obì ni?"

Mo ní: "Rárá o, Màmá. Nǹkan tí wọ́n fẹ́ fún yín yìí, òun ni yóò jẹ́ kí wọ́n rí inú obì láìpa obì."

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Tẹknísíọ̀mù fúnra rẹ̀ kì í wo àìsàn kankan, kò sì mọ ọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n bá so ó mọ́ ló ń bá lọ. Bí wọ́n bá so ó mọ́ èròjà kan tí eegun fẹ́ràn, yóò bá èròjà náà lọ sí eegun, ibi tí eegun bá ti ń tún ara rẹ̀ mọ kíkankíkan ni yóò sì pọ̀ sí jù lọ, ìbáà jẹ́ nítorí pé eegun kán, ìbáà jẹ́ nítorí jẹjẹrẹ. Bí wọ́n bá so ó mọ́ òmíràn, yóò lọ sí kíndìnrín, a ó sì rí bí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ṣe ń sẹ́ omi. Òmíràn ń lọ sí ẹran ọkàn láti fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé hàn. Bí wọn kò bá tilẹ̀ so ó mọ́ nǹkan kan, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn, èyí tí gẹ̀gẹ̀ ń yọ lára rẹ̀, yóò fà á mọ́ra. Ẹ̀rọ X-ray ń fi bí eegun ṣe rí hàn wá. Èyí ń fi ohun tí eegun ń ṣe lọ́wọ́ hàn wá, ó sì lè rí ìṣòro kí ó tó hàn lójú X-ray.

Ẹ̀rù tó ń bà wá

Mo mọ̀ pé bí mo ti ń sọ "ìtànṣán" yìí, àyà àwọn kan ń já. Bọ́ǹbù Hiroshima 1945 ni wọ́n ń rántí, ìjàǹbá Chernobyl 1986 ni wọ́n ń rántí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. N kò ní bú ẹni tó ń sá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó.

Ìwọ̀n tí wọ́n lè fún àgbàlagbà fún síkáànì eegun, nǹkan bíi 740 mílíọ̀nù átọ́ọ̀mù ló ń sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iye náà ń dẹ́rù bani létí. Ṣùgbọ́n báwo ni tẹknísíọ̀mù-99m inú rẹ̀ ti wúwo tó? Bí ẹ bá mú hóró gàrí kan ṣoṣo, tí ẹ pín in sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín bíi mẹ́rin nínú rẹ̀ ni. Ìtànṣán tí ara gbà nínú gbogbo rẹ̀ kò ju èyí tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ń fún olúkúlùkù wa láàárín ọdún kan sí méjì lọ.

Ẹni tó bá mọ̀wé nínú yín lè bi mí pé: "Tíṣà, ẹ ti sọ pé ó sọ̀kalẹ̀, kí ló wá dà?" Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní fi bò. Ó di tẹknísíọ̀mù-99 lásán, èyí tí àkókò ìdajì tirẹ̀ jẹ́ 211,000 ọdún. Ẹ má bẹ̀rù. Ohun tó bá fẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń ná ara rẹ̀. Átọ́ọ̀mù 740 mílíọ̀nù tí à ń kà ní ìṣẹ́jú àáyá kan tẹ́lẹ̀ yóò di méjì tàbí mẹ́ta péré. Bẹ́ẹ̀, pótásíọ̀mù tó wà nínú ara gbogbo ènìyàn, èyí tí a ń rí nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu tí à ń jẹ, ń ṣe bíi 4,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, láti ọjọ́ tí a ti dáyé. Ìtọ̀ tilẹ̀ ti ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Èyí kò ní kí a fi ṣeré o. Aláboyún gbọdọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó gún un, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú náà gbọdọ̀ sọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́ sì ń sá sẹ́yìn òjé, nítorí pé tiwọn kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ibi tí ọ̀pẹ ti ń wá

Mọlíbdínọ̀mù-99 kì í hù nínú oko. Inú ríáktọ̀, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ti ń la átọ́ọ̀mù, ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọn yóò kó yuréníọ̀mù sínú ríáktọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, átọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò máa là sí méjì, nínú 100 tó bá sì là, bíi mẹ́fà ni mọlíbdínọ̀mù-99 ń jáde lára rẹ̀. Àwọn ríáktọ̀ tó ń ṣe èyí kò pọ̀ láyé, púpọ̀ nínú wọn sì ti dàgbà: Petten ní Netherlands àti BR2 ní Bẹ́ljíọ̀mù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1961, SAFARI-1 ní Pelindaba, nítòsí Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ ní 1965. Ní oṣù karùn-ún 2009, èyí tó wà ní Chalk River ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í jò, kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di oṣù kẹjọ 2010. Láàárín àkókò náà, ti Petten tún dúró fún àtúnṣe. Àwọn ilé ìwòsàn káàkiri ayé ń sún àyẹ̀wò síwájú, nítorí pé ọjà yìí kò ṣeé kó pamọ́ de ọ̀wọ́n.

Àwa náà ní ríáktọ̀ kékeré kan ní Zaria láti 2004. Agbára rẹ̀ kò tó 40 kílówáàtì, ìwádìí àti ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ṣe é fún. Ní UCH Ìbàdàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú àyẹ̀wò yìí nílẹ̀ wa ní 2006. Títí di òní, ibi tí ènìyàn ti lè ṣe é ní Nàìjíríà kò pọ̀ rárá, ó sì ń dùn mí, nítorí pé jẹjẹrẹ kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe kàn wá. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fún Ìyá Olóbì. A jí ní òru, a débẹ̀ ní kùtùkùtù, wọ́n sì sọ fún wa pé àpótí kò tíì dé. Agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló ti balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, ìwé rẹ̀ kan kò pé, kò sì sí ẹni tó tọwọ́ bọ ìwé ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo fi ìka ṣírò rẹ̀. Láti agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì sí agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wákàtí 66 gééré ni. Ìdajì agbára àpótí náà ti lọ láìgún ẹnì kan ní abẹ́rẹ́. Àwọn aláìsàn tó ti san owó ọkọ̀ bíi tiwa jókòó lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá ògiri, obìnrin kan ti ìlú tó jìnnà gan-an wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó ń fi igi rìn. Kò sí ìkankan nínú wa tó mọ ẹni tí à bá bá wí. Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ yẹn ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, ó ń kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà, ó ń bẹ̀ wọ́n. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò níbi tí wọ́n ti ń tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé àpótí olójé kì í ṣe àpótí bàtà.

Agogo méjìlá ọ̀sán

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe é fún wa. Ní agogo méjìlá ọ̀sán gééré, ọmọbìnrin náà gún Ìyá Olóbì ní abẹ́rẹ́ lápá. Màmá bi í pé: "Ọmọ mi, ṣé ohun tí o fún mi yìí yóò jáde?" Ó ní: "Yóò jáde, Màmá. Ẹ máa mu omi, ẹ máa tọ̀." A mu omi títí. Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ kámẹ́rà, kámẹ́rà náà rọra ń rìn láti orí rẹ̀ dé ẹsẹ̀, èmi sì ń wo ojú ẹ̀rọ bí eegun Màmá ti ń yọ jáde ní àmì tótòtó: agbárí, egungun ìhà, eegun ẹ̀yìn. Èsì tó jáde lẹ́yìn náà sọ pé eegun ẹ̀yìn tó ti gbó ló ń dùn ún, jẹjẹrẹ kò sí níbẹ̀.

Ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, a ti wà lójú ọ̀nà, ìdajì ló kù. Nígbà tí a délé, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó kéré jù sáré wá láti gùn ún lẹ́yìn, ó na ọwọ́ sí i pé kó dúró síbẹ̀, nítorí wọ́n ti ní kó má gbé ọmọ mọ́ra fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ náà sunkún sùn. Ní agogo méjìlá òru, ìdá kan nínú mẹ́rin. Màmá kò sùn púpọ̀ lóru náà, mo gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó ń lọ tọ̀. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ì bá kù bí kò bá tọ̀ rárá, òun sì ti tọ̀ láìmọye ìgbà. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n obì rẹ̀, ó ń ṣa èyí tó dára sọ́tọ̀. Ó bi mí pé: "Tíṣà, mélòó ló kù?" Mo ṣírò rẹ̀ fún un. Ó ti agbọ̀n obì sápá kan, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ òun wá.